Ẹ Dákẹ́, Alága Ń Ronú

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èrò kì í pariwo, ẹ sọ fún onítọ̀hún pé kò tíì bá Alága ìlú wa pàdé. Nígbà tí Alága bá ń ronú, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á ta okùn pupa dí òpópó láti ìhín dé ọ̀hún, àwọn ẹ̀ṣọ́ á sì fi ìka sí ètè bí ẹni tó ń rẹ ọmọ ọwọ́. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó wúkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n júwe ọkùnrin náà fún yín, kí ẹ má baà ṣèèṣì lọ kí ẹlòmíràn nípò rẹ̀. Kò ga, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ ga. Àga náà ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀, wọ́n sì ní láti wá àpótí tó ń gbé ẹsẹ̀ lé, wọ́n fi aṣọ bò ó kí àlejò má baà mọ̀ pé àpótí ni. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun á tẹ̀ lé e, oyè rẹ̀ á wá máa bọ̀ lẹ́yìn: Baba Àròjinlẹ̀, Orísun Ọgbọ́n, Òpó tí Ìlú Fara Tì, Àgbà Ọ̀rọ̀ tí Kì í Tán. Kí wọ́n tó kà á délẹ̀, àlejò á ti gbàgbé ohun tó bá wá. Àwọn ará ìlú ò ráyè gbogbo ìyẹn. Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n mú, wọ́n gé e kúrú, wọ́n ń pè é ní Ọ̀rọ̀-ò-tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni o.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun ní ilé ẹ̀kọ́, ó sọ̀rọ̀ lórí ìtàn omi, ó sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọmọlúàbí, ó sọ bí òun ṣe mọ́ tónítóní láti kékeré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, wọ́n ń jó láìsí ìlù. Alága rò pé ayọ̀ ni. Ó tún fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe parí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nígbà tí wọ́n fi máa gé rìbọ́nù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò nílò ilé náà mọ́.

Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ́ ṣòfin ní gbọ̀ngàn ìlú, ọwọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń nà sókè. Ọjọ́ kan ni Alága dá a lábàá pé kí wọ́n máa dá aago gbọ̀ngàn padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí òun bá pẹ́, kí ó lè hàn gbangba pé ìlú ló tètè dé. Ọwọ́ tó lòdì sí i pọ̀ lókè bí igi nínú igbó. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó ronú, ó ronú, ó sì rí i pé kì í ṣe èrò òun ni kò dára, ọwọ́ nínà ni ìṣòro. Ọwọ́ tí a nà ṣe é kà. Àtẹ́wọ́ ńkọ́? Ta ló lè ka àtẹ́wọ́? Bí òfin tuntun ṣe dé nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: ohun tí gbọ̀ngàn bá pàtẹ́wọ́ sí, ó di òfin lójú ẹsẹ̀, ohun tí gbọ̀ngàn bá dákẹ́ fún, ó ti kú, kò sì gbọdọ̀ jí.

Nígbà tó ti di àtẹ́wọ́, ó gba àwọn apàtẹ́wọ́ síṣẹ́. Iṣẹ́ oṣù ni o, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Iwájú pátápátá ni wọ́n máa ń jókòó. Olórí wọn jẹ́ ọkùnrin gíga, oníwà pẹ̀lẹ́, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí àwo. Káfíńtà ni tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ló wọ́n. Àmì kan péré ni òun àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ máa ń wò: bí Alága bá ti yọ awò ojú rẹ̀, wọ́n á bú sí i. Alága á sọ gbólóhùn kan, á yọ awò, gbọ̀ngàn á hó yèè. Á dá awò padà, á tún sọ òmíràn. Ó wá di pé ojú àwọn apàtẹ́wọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, etí wọn ti lọ ìsinmi. Bí Alága bá ní ilé wọn ń jó, tó sì yọ awò, wọ́n á pàtẹ́wọ́ sí i.

Báyìí ni nǹkan ṣe rí nígbà tí họ́ọ̀nù ọkọ̀ akẹ́rù kan ké níwájú ọ́fíìsì Alága. Alága ta gìrì. Ó wọ gbọ̀ngàn lọ pẹ̀lú omijé lójú.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló wí, "èrò kan ń bọ̀! Èrò ńlá! Èrò tí ì bá tún ayé ọmọ yín àti ọmọ ọmọ yín ṣe! Mo ti ń rí orí rẹ̀, mo ti ń rí èjìká rẹ̀. Họ́ọ̀nù kan ló ké, pàá! Ó yí padà, ó sá lọ. Ta ló máa dá a padà fún mi? Láti òní lọ, ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ gba òpópó yẹn kọjá láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́. Kí ìlú dákẹ́, kí n lè ronú fún un!"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Olórí Apàtẹ́wọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù. Òpópó ti tì.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó wà ní òpópó náà. Ọ́fíìsì Alága wà láàárín rẹ̀. Ilé búrẹ́dì wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìparí rẹ̀, lẹ́yìn igi ńlá kan, ni ilé ìgbẹ̀bí wà, kò sì sí òmíràn nítòsí. Obìnrin tó ń darí ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Agbẹ̀bí. Ìdajì àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, òun ló kọ́kọ́ gbá wọn nídìí kí wọ́n lè ké. Bóyá òun náà ló gbá Alága, mi ò mọ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, ó yẹ kó gbá a sí i.

Kò pẹ́ tí okùn pupa fi di ohun ọ̀ṣọ́ ìlú. Àwọn kan dìde, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pe ara wọn ní Onífẹ̀ẹ́ Ìdákẹ́jẹ́. Ta ni ààrẹ wọn? Ẹni tó ń ta okùn lọ́jà, tí wọ́n ń pè ní Olókùn. Ta ni igbá kejì? Ẹni tó kun pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, tó kọ ọ́ gàdàgbà pé Ẹ DÁKẸ́, ALÁGA Ń RONÚ. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń lọ kí Alága.

"Alága, ìlú ti ń gbèrú," ni Olókùn á wí. "Lánàá, mo gbọ́ ìró ewé tó já bọ́ lára igi. Inú mi dùn, mo sunkún. Àbí kí a tún fi okùn kan kún okùn, kí ewé náà lè mọ ibi tí agbára wà?"

"Ẹ fi kún un," ni Alága á dáhùn. "Ìwà ewé yẹn kù díẹ̀ káàtó."

Wọ́n mú ajá kan tó gbó, wọ́n mú olówó rẹ̀ náà. Wọ́n pe àkùkọ kan lẹ́jọ́, àkùkọ ò yọjú. Lẹ́yìn náà ni ariwo kan bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, ó ń rọ́ kìì, ó ń rọ́ kìì, bí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbéra, wọ́n ń wá ọ̀daràn. Wọ́n wo inú gọ́tà, wọ́n wo orí òrùlé, wọ́n tẹ̀ lé ìró náà dé àtẹ̀gùn, wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n fi etí lé ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Alága. Inú ibẹ̀ ni ó ti ń wá. Alága fẹ̀yìn ti àga gíga, ó la ẹnu, ó ń han-run lọ ràì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wo ara wọn. Wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì jábọ̀ pé ìró àròjinlẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí kò pa obìnrin kan lẹ́rìn-ín rárá. Ọkọ̀ gbé e dé ẹnu okùn nígbà tí ìrọbí ti mú un. Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn díẹ̀, kò lè rìn mọ́, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọ́fíìsì. Ẹ̀ṣọ́ kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ìka sí ètè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa rọbí. Alága ń ronú."

Ìyá Agbẹ̀bí sáré jáde láìwọ bàtà, ó sì gbẹ̀bí níbẹ̀, nínú eruku. Ọmọ náà yè, ìyá náà yè, orí ló yọ wọ́n. Inú bí Ìyá Agbẹ̀bí gan-an. Ìdí mìíràn sì wà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú oyún, oyún ọ̀hún ti tó bí, òdì kejì okùn ló sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sì nìyí, ẹ fọwọ́ mú nǹkan kí ẹ má baà ṣubú: Olórí Apàtẹ́wọ́ ni.

Ìyá Agbẹ̀bí lọ bá wọn nílé. Ọmọ rẹ̀ jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ tó wú lé orí ìrọ̀rí.

"Ọkọ ọmọ mi," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí, "o rí i pé ìyàwó ẹ ti sún mọ́ ọn."

"Mo rí i, Màmá."

"Bí ìrọbí bá mú un lọ́sàn-án, kí ló máa ṣe lẹ́nu okùn yẹn?"

Ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀. "Màmá, iṣẹ́ ni. Wọ́n ní kí n pàtẹ́wọ́, mo pàtẹ́wọ́."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ tèmi náà ni mo ń sọ."

"Ẹ má bá a jà, Màmá," ni ìyàwó wí. "Ó máa gbé mi fò ó. Àbí o ò ní gbé mi fo okùn ni, olówó orí mi? Ṣebí ọwọ́ ẹ tóbi."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin náà wọra. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Alága, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n fún ìyàwó òun láyè kó fi ọkọ̀ kọjá lọ́jọ́ ìrọbí. Alága gbọ́ ọ títí. Ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Ìlú tí kò bá náání ìyá, ìlú náà ò ní lẹ́yìn. Nítorí náà, padà sílé, kí o sọ fún ìyàwó rẹ pẹ̀lú ìfẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kó bí i lálẹ́, nígbà tí èmi kì í ronú!"

Ó yọ awò ojú rẹ̀ kó lè nù ún. Ẹ sì wò ó bí: Olórí Apàtẹ́wọ́, lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, òun nìkan nínú ọ́fíìsì, bú sí àtẹ́wọ́. Ó ti pàtẹ́wọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun ló ń pa á. Ó sọkún bó ṣe ń lọ sílé.

Kì í ṣe pé àwọn ẹlòmíràn ò tíì gbìyànjú o. Olórí àwọn awakọ̀ ti lọ, ó ní ẹ̀tọ́ àwọn ni láti tẹ họ́ọ̀nù, nítorí ọkọ̀ tí kò ní họ́ọ̀nù dà bí ènìyàn tí kò ní ẹnu. Alága fún un ní ìjókòó nínú Ìgbìmọ̀ Tó Ń Wo Okùn. Ó lọ wò ó. Okùn náà wà níbẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì náà ti lọ, ó bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan. Alága gbà fún un, kìkì pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ bàtà, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ ti ọkọ̀ náà kọjá, kí ẹnikẹ́ni má sì mí lákọ. Ẹ bá mi wo búrẹ́dì tó ń lọ bí òkú tí wọ́n ń sin.

Ìyá Agbẹ̀bí ló wá ronú, ó sì ronú láìta okùn. Ó rí i pé olúkúlùkù wọn ló ń gbé ẹkún tirẹ̀ lọ, tí Alága sì ń fi suwíìtì tí olúkúlùkù ń wá pa á lẹ́nu mọ́. Ó pe olórí awakọ̀ àti Ìyá Oníbúrẹ́dì sí yàrá ìdúródè ní ilé ìgbẹ̀bí. Ọ̀tá ni wọ́n. Ìjà wọn ti pẹ́: ọkọ̀ ọ̀kan fi ẹ̀yìn gun àtẹ búrẹ́dì èkejì, wọn ò sì tíì kí ara wọn láti ìgbà náà.

"Èmi ò lè bá ọkùnrin tó tẹ búrẹ́dì pa jókòó," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

"Búrẹ́dì yẹn ti kú kí n tó tẹ̀ ẹ́," ni olórí awakọ̀ dáhùn. "Ó le bí bíríkì. Táyà mi ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀."

"Ẹ jókòó!" Bí Ìyá Agbẹ̀bí ṣe máa ń sọ fún obìnrin tó ń rọbí ló ṣe sọ ọ́, àwọn méjèèjì sì jókòó. "Mi ò ní kí ẹ fẹ́ràn ara yín. Bí a bá kúrò níbí, ẹ lè máa jà lọ. Ìwọ ń wá họ́ọ̀nù, ìwọ ń wá búrẹ́dì, èmi ń wá ọ̀nà kí obìnrin dé ọ̀dọ̀ mi kí ọmọ tó dé. Kí ló dí gbogbo wa lọ́nà?"

"Okùn," ni wọ́n wí lẹ́ẹ̀kan náà, inú sì bí wọn pé ohùn àwọn pa pọ̀.

"Ó dáa. Gbólóhùn kan la máa gbé lọ sí gbọ̀ngàn: kí wọ́n ká okùn, kí òpópó ṣí fún gbogbo ọkọ̀."

"Họ́ọ̀nù ò sí níbẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Búrẹ́dì ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì wà nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ kó sínú ẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ẹ̀yin ará mi."

Wọ́n kùn, wọ́n kùn, wọ́n gbà. Ẹ gbà mí gbọ́, èyí ló le jù nínú gbogbo ìtàn yìí: láti mú ẹni mẹ́ta tí wọ́n ń fẹ́ nǹkan mẹ́ta kí wọ́n sọ ohun kan ṣoṣo. Gbígbẹ̀bí rọrùn jù ú lọ.

Etí Alága gbọ́, ara rẹ̀ kò sì lélẹ̀ mọ́. Kíá, ó fi olórí awakọ̀ joyè Olùdámọ̀ràn Pàtàkì Lórí Ọ̀rọ̀ Họ́ọ̀nù. Ó fi àga ránṣẹ́ sí i nílé, àga onítìmùtìmù, tó ń yí. Olórí awakọ̀ jókòó sínú rẹ̀. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ó yọjú sí dígí, ó yan díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé okùn yẹn náà, bí a bá wò ó dáadáa, pupa rẹ̀ dára. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò bá a jà. Ó kàn sọ fún gbogbo àwọn tó ń ta búrẹ́dì rẹ̀ pé kí wọ́n má tà fún ilé olùdámọ̀ràn. Kò pẹ́, ìyàwó olórí awakọ̀ gbé àwo òfìfo wá síwájú rẹ̀.

"Àwọn ọmọ ń sunkún, Bàbá wọn. Àga yìí, ṣé ó ṣe é jẹ?"

Ó gbé àga lérí, ó dá a padà fún Alága kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ ìpàdé ìlú pé. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn apàtẹ́wọ́ wà níwájú, Onífẹ̀ẹ́ Ìdákẹ́jẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́, Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ wà nídìí tábìlì rẹ̀. Akọ̀wé yìí jẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn òfin ju oúnjẹ lọ. Bí òfin bá ní kó fi orí rìn, á kọ́kọ́ béèrè irú fìlà tó yẹ. Ìyá Agbẹ̀bí dìde láàárín èrò. Ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo náà, ó sì jókòó.

Ẹnu ya Alága. Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ó rí ohun tó máa fi ṣẹlẹ́yà. Ó dìde lórí àpótí rẹ̀, ó wú bí búrẹ́dì tí ìwúkàrà rẹ̀ pọ̀ jù.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọlọ́lá! Ẹ gbọ́ ohun tí àgbà obìnrin gbé wá! Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ń ronú lórí ìràwọ̀, ìyá wa ń ronú lórí táyà!" Ó fi ohùn obìnrin sínú ohùn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí ìbàdí. "'Kí wọ́n ká okùn! Kí òpópó ṣí fún gbogbo ọkọ̀!'"

Ẹ̀rín pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sì yọ awò ojú láti nù ún.

Gbọ̀ngàn hó! Àwọn apàtẹ́wọ́ bú sí i bí òjò lórí páànù. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ tiwájú, wọ́n gbè é. Ìyá Oníbúrẹ́dì lu ọwọ́ mọ́ ọwọ́, ìyẹ̀fun ń fò. Àtẹ́wọ́ náà pẹ́, ó dún, kò tíì sí irú rẹ̀ rí. Alága ń tẹrí ba fún wọn, ó rò pé àwàdà òun ló dùn.

Nígbà tó rọlẹ̀, Akọ̀wé gbé kálàmù sílẹ̀.

"Ó ti di òfin," ló wí.

"Kí ló di òfin?"

"Pé kí wọ́n ká okùn, kí òpópó ṣí fún gbogbo ọkọ̀. Ẹnu Alága ló ti jáde, gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́ sí i."

"Mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni!"

"Òfin ò sọ ohunkóhun nípa yẹ̀yẹ́, Alága. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú Alága pọ́n, ó tún funfun, ó tún pọ́n. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn gbá, tí awakọ̀ kan wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá Agbẹ̀bí dà? Màmá, ọmọ yín wà nínú ọkọ̀ mi lẹ́nu okùn! Ìrọbí ti mú un gan-an. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kí n kọjá, wọ́n ní àfi kí wọ́n gbọ́ láti gbọ̀ngàn!"

Gbogbo orí yí sí iwájú, síbi tí Olórí Apàtẹ́wọ́ jókòó sí. Alága rí i pé kò sí àkókò mọ́. Ó na ìka sókè, ó ké tagbára tagbára.

"Mo fagi lé òfin yẹn! Mo ní kí okùn wà níbi tó wà! Kí ẹnikẹ́ni má kọjá, ẹni yòówù kó jẹ́, ohun yòówù kó máa bí!"

Ó yọ awò ojú rẹ̀.

Àwọn apàtẹ́wọ́ gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń wo olórí wọn. Ọwọ́ olórí wọn náà ti gbéra. Ó ti gbéra fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń gbéra láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó wà lófuurufú, àtẹ́lẹwọ́ ń wo àtẹ́lẹwọ́. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ajá tí kì í gbọ́ràn. Òógùn bò ó. Ó mọ̀ pé bí ọwọ́ yìí bá pàdé, ìyàwó òun á bímọ sínú eruku. Bí kò bá pàdé, iṣẹ́ ti tán. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí, ó sì jókòó lé wọn.

Ọwọ́ àwọn tó kù sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ó dákẹ́ débi pé Olókùn gbọ́ ọkàn ara rẹ̀ tó ń sá lọ sí ẹgbẹ́ kejì. Alága wọ awò, ó tún yọ ọ́. Ó wọ̀ ọ́, ó yọ ọ́. Ó fì í bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ó ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ó ti rí i gbà, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Ó ti kú," ni Akọ̀wé wí, "kò sì gbọdọ̀ jí."

Ìyá Agbẹ̀bí ti jáde. Olórí Apàtẹ́wọ́ fo àga, ó fo orí Olókùn, òun náà jáde. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló wá dìde lẹ́yìn.

"Mo ní àbá kan," ló wí. "Alága ti ṣiṣẹ́ fún wa gan-an. Ó rẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n lọ máa ronú nílé. Kí wọ́n máà padà wá."

Kò sí ẹni tó yọ awò. Kò sí olórí níwájú. Àtẹ́wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó dé àárín, ó dé iwájú, ó gba ojú fèrèsé jáde sí ìta. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Alága tẹ́lẹ̀rí fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti gbé àpótí lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wá ilẹ̀ bí ti ọmọdé lórí àga àgbà. Ó bọ́ sí òpópó. Ọkọ̀ ń kọjá, ọkọ̀ ń tẹ̀ lé ọkọ̀, gbogbo họ́ọ̀nù tí wọ́n ti gbé mì láti ìgbà náà ni wọ́n ń bì jáde. Ó fẹ́ sọdá. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ọkọ̀ búrẹ́dì kọjá lórí ìparí gbólóhùn rẹ̀. Olókùn ní tirẹ̀ ti dé ilé búrẹ́dì, ó ń ṣàlàyé fún wọn pé kò sí ohun tó dára tó okùn pupa láti fi di àpótí búrẹ́dì, àti pé láti inú oyún ìyá òun ni òun ti fẹ́ràn òpópó ṣíṣí.

Ọkọ̀ awakọ̀ yẹn, tó gbé ọmọ Ìyá Agbẹ̀bí, ló ti kọ́kọ́ kọjá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn ló gé okùn, nítorí igbe tó ń bọ̀ láti inú ọkọ̀ náà, kò sí ìka tó lè pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n dé ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n gbé e lé ibùsùn, aṣọ ibùsùn mọ́ tónítóní, ọmọ sì dé. Ọmọbìnrin ni. Ó ké, ó ké, ó ké. Ìyá Agbẹ̀bí gbé e sókè, ẹkún ayọ̀ kò jẹ́ kó ríran dáadáa.

Olórí Apàtẹ́wọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ló fi sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, bàtà kan ti bọ́ lọ́nà. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó na ọwọ́ ńlá rẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Gbé e fún mi," ló wí. "Jẹ́ kí n gbé e."

Ìyàwó rẹ̀ gbá ọmọ mọ́ra. Ó wo ọwọ́ náà pẹ́.

"Nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀," ló wí, "okùn yẹn ni mò ń wò. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo máa kú sí. Ṣebí ọwọ́ yìí ló pàtẹ́wọ́ sí i."

Ọkùnrin náà fa ọwọ́ náà sẹ́yìn.

"Lọ fọ̀ ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "kí o tó gbé ọmọ mi."

Ó yí padà, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí i, ó ki ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí sì na ọrùn láti ojú fèrèsé.

"Ọkọ ọmọ mi, fi ọṣẹ sí i o!"